Ẹ̀bà Tó Ń Rùn Bíi Mẹkáníìkì: Bí Àgbàrá Òjò Ṣe Ba Kànga Wa Jẹ́

Ẹ̀bà ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lálẹ́ àná ẹ̀, gbogbo àdúgbò ń yọ̀ pé ooru á rọlẹ̀ díẹ̀, ìyàwó mi gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo bu òkèlè kan, mo fẹ́ gbé e mì, ọ̀fun mi kọ̀. Mo ní "Ìyá Ìbejì, ṣé ìsọ̀ mẹkáníìkì lẹ ti ra gàárì yìí ni?" Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní mo fẹ́ bú oúnjẹ òun ni, ìgbà tóun náà wá gbé abọ́ sún mọ́ imú ló dákẹ́. Kì í ṣe gàárì. Omi ni. A mú tọ́ọ̀ṣì, a lọ sídìí kànga, mo tan iná sísàlẹ̀, ojú omi ń kọ mànà, àwọ̀ aró, àwọ̀ osùn, àwọ̀ wúrà, ó ń yí bírí bí ọrùn ẹyẹlé. Kànga tí bàbá mi gbẹ́, tí wọ́n fi omi ẹ̀ tọ́ àwa ọmọ méje dàgbà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Apá Elẹ́yẹlé n'Íbàdàn la wà, mi ò ní dárúkọ àdúgbò torí àwọn láńlọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ mi wà lórí WhatsApp, wọn ò sì ní jẹ́ kí n sinmi. Lókè lọ́hùn-ún, lẹ́bàá títì, ni ọgbà mẹkáníìkì wà, fọ́kànáísà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣájì bátìrì wà níbẹ̀, ìyá tó ń lọ ata náà wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, gọ́tà kan ṣoṣo ló sì ń gbé omi gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn fẹ́ǹsì wa kọjá, ó já sínú odò kékeré kan tó ń lọ bá Odò Ọ̀nà. Odò Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n sé tó di adágún Elẹ́yẹlé, láti 1942 ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ níbẹ̀ fún ará Ìbàdàn. Torí náà ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dà sí gọ́tà wa tẹ́ ẹ rò pé òjò ti gbé e lọ, kò lọ síbì kankan o, ó kàn lọ dúró de ẹlòmíì níwájú ni.

A pe mítìn. Ẹ mọ bí mítìn láńlọ́ọ̀dù ṣe máa ń rí, ká tó dé orí kókó a ti fi wákàtí kan jà lórí owó gáàdì. Nígbà tó yá gbogbo ẹnu kò pé ilé epo tó wà ní kọ́nà ló fà á, wọ́n ní táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ ló ń jò, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo sì kọ ọ́, lẹ́tà náà gbóná gan-an ni. Máníjà ọ̀hún ò bínú. Ó gbé ìwé ẹ̀ wá, ó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá wọn epo inú táǹkì láràárọ̀ tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde bára mu. Lẹ́yìn náà ló bi wá léèrè kan tó tì mí lójú, ó ní "Ẹ̀yin àgbà, ṣé bẹntiróòlù ló ń rùn nínú kànga yín ni àbí ọ́ìlì?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan náà la sáré kó ẹ̀sùn lé e lórí, a ò tiẹ̀ fara balẹ̀ gbóòórùn ohun tá a ń torí ẹ̀ jà. A tọrọ àforíjì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó kàwé nípa omi ní Pólì wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, òun ló kọ́ mi ní nǹkan tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé tó ní kànga mọ̀. Ó ní, "Àǹkù, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń kọ mànà lójú omi ló jẹ́ ọ́ìlì o." Ó mú mi lọ sí àbàtà ẹ̀yìn ilé, níbi tí omi ti dúró tí kò lọ, irú àwọ̀ yẹn wà níbẹ̀ náà, ó fi igi gún un, ó fọ́ wẹ́wẹ́ bíi dígí, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ò sì padà wá so mọ́ra. Ó ní irin inú ilẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ẹ́, kò sí ọ́ìlì kankan nínú ẹ̀. A wá bu omi kànga sínú abọ́ funfun, ó tún fi igi gún un, ó yà sọ́tùn-ún sósì, kí n tó ṣẹ́jú ó ti padà lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Ọ́ìlì nìyẹn." Igi kan lásán, abọ́ kan, a ò san kọ́bọ̀.

Ohun tó wá kù ni ká mọ ibi tó ti ń wọlé. Mo ti kíyè sí i pé tó bá ti tó ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún tí òjò ò rọ̀, òórùn náà á dín kù, tí òjò bá tún ti rọ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Mo wá sọ fúnra mi pé òjò tó bá tún máa rọ̀, mi ò ní wà nínú ilé. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ìgbà tí ojú ọ̀run ṣú, mo wọ ráíńkóòtù àti bàtà òjò, mo gun òkè lọ, mo dúró sẹ́nu ọgbà mẹkáníìkì kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Nǹkan bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, eruku nìkan ló ń rùn. Ìgbà tó yá omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, omi tó jáde nínú ọgbà yẹn dúdú bí omi aró. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti mu ọ́ìlì yó, omi òjò ò rí ibi tó máa gbà wọlé, ó kàn ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni, ojú mẹ́ta ló gbà jáde bọ́ sínú gọ́tà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tẹ̀ lé e, wọ́n ń yọrí bí ẹja. Omi funfun kan tó dà bí omi ògì jáde láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣájì bátìrì, mi ò tiẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìyẹn lọ́jọ́ yẹn. Lọ́dọ̀ ìyá tó ń lọ ata, díísù ń kán lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, èèpo ata ń gun orí ẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ o, ìgbẹ́ ọmọdé o. Ìyá kan gbé báàfù pàǹtírí jáde láti wá dà á sí gọ́tà, ó rí mi, ló bá gbé báàfù náà kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbe omi. Mo ní "Ẹ kú òjò mà." Ó ní "Ẹ kú òjò, Akọ̀wé." Àwa méjèèjì dúró, a ń wo òjò. Mo sún síwájú díẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, gbàà!

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù nìyí. Nígbà tó máa fi tó bí ààbọ̀ wákàtí, òjò ṣì ń rọ̀, kódà ó ti le sí i, ṣùgbọ́n omi gọ́tà ti ń mọ́. Ó ti pọ́n, kò dúdú mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, omi àkọ́kọ́ ló máa ń kó èyí tó burú jù lọ, torí ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti kó jọ sórí ilẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ ló ń fọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ tí àwa ń yọ̀ mọ́ yìí ló máa ń gbé ìdọ̀tí oṣù mẹ́rin márùn-ún sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún ní àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ìyẹn EPA, sọ pé gálọ́ọ̀nù kan péré nínú ọ́ìlì tí wọ́n ti lò lè ba gálọ́ọ̀nù omi mílíọ̀nù kan jẹ́. Mo ní mílíọ̀nù kan? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Àǹkù. Ọgbà mẹkáníìkì wa ń paarọ̀ ọ́ìlì mọ́tò lójoojúmọ́.

Mo tẹ̀ lé omi náà sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì wa, mo rí i pé omi tó dé ibẹ̀ ju omi tó ń kọjá lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ara gọ́tà ti ya níbì kan, ihò ibẹ̀ gba àtẹ́lẹwọ́ mi, omi ń gba ibẹ̀ wọlẹ̀ gbọ́lọ́gbọ́lọ́. Láti ibẹ̀ sí kànga, mo kà á, ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Ta ló sì fọ́ ọ? Àwa ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹgbẹ́ gba àwọn ọmọkùnrin pé kí wọ́n wá kó gọ́tà, dígà ni wọ́n lò, wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá sìmẹ́ńtì, èmi akọ̀wé ni mo fọwọ́ sí ìwé owó wọn tí mo tún ní "ẹ ṣeun, iṣẹ́ yín dáa". Ìdọ̀tí tí wọ́n kó jáde náà, etí gọ́tà ni wọ́n kó o jọ sí, òjò méjì péré, gbogbo ẹ̀ ti padà sínú ilé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí. Àwa ará Ìbàdàn mọ àgbàrá, kò sẹ́ni tó lè kọ́ wa. Àwọn tó ti dàgbà ò lè gbàgbé 31 oṣù kẹjọ 1980 tí Ògùnpa ya, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn tó lé ní 200. Àwa tá a kéré sí wọn náà rí 26 oṣù kẹjọ 2011, òru ọjọ́ yẹn nìkan, ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ, bíríìjì wó kiri ìgboro. Lẹ́yìn ìyẹn ni Báńkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 200 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀rọ̀ omíyalé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ohun tójú wa ti rí, tá a bá ti sọ pé gọ́tà, ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn wa ni kí omi tètè lọ, kó má wọlé. Kò sẹ́ni tó ń bi omi pé kí lo gbé dání. Àwọn àgbà ní àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Tèmi ò wó ilé, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló bá mi.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn aládùúgbò ń dá oríṣiríṣi ọgbọ́n. Ẹnì kan ní ká máa se omi náà. Ẹ jọ̀ọ́, iná ń pa kòkòrò àìsàn, kì í lé ọ́ìlì lọ, kì í sì í lé òjé inú bátìrì lọ, òjé yìí ló ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, tẹ́ ẹ bá se omi tó ní òjé tó fi gbẹ díẹ̀, ṣe ni òjé ẹ̀ á tún ki sí i. Ẹlòmíì da álọ́ọ̀mù sí i, álọ́ọ̀mù mú ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀, omi mọ́ lójú, ó ṣì ń rùn. Kiloríìnì náà, ti kọ́lẹ́rà àti ìgbẹ́ gbuuru nìyẹn. Ilé wa wá ń ra omi lọ́dọ̀ aládùúgbò tó ní bọ́hòlù, àwọn ìbejì ń gbé kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó lọ sílé ìwé.

Mo lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì. Mi ò mú wolé-wolé dání, mi ò kọ lẹ́tà, lẹ́tà tí mo kọ sí ilé epo ti tó mi. Mo ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." "Akọ̀wé wa, ẹ káàbọ̀, mọ́tò yín ò tún dáa ni?" Mo gbé ìgò kan fún un, omi kànga wa ni mo bù sínú ẹ̀, mo ní kó gbóòórùn ẹ̀. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, ó ti pẹ́ nínú mọ́tò." Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó yé e. Ó jókòó.

Ọkùnrin yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ṣàlàyé fún mi pé òun kì í da ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó dáa nù, àwọn káfíńtà ń wá rà á, wọ́n fi ń pa pákó tí wọ́n máa fi da dẹ́ẹ̀kì kí sìmẹ́ńtì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn míì ń fi pa igi òrùlé nítorí ikán. Èyí tí ò sẹ́ni tó máa rà ni wàhálà, èyí tí omi ti wọ̀, àti bẹntiróòlù tí wọ́n fi fọ irin. Ìyẹn ni àwọn ọmọṣẹ́ máa ń dà sílẹ̀ ọgbà, òun gan-an ló sì ní kí wọ́n máa dà á bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí eruku má bàa máa sọ. Ó ní àtìgbà tóun ti ń kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá òun náà ti ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ ọjọ́ yẹn ló mú ohun tó ṣiṣẹ́ jù wá, òun ló tiẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ó ní "Akọ̀wé, tí òjò ò bá kan ọ́ìlì, kò lè gbé e." Ó ní páànù àtijọ́ kan nílé, ó fi ta ìbòòrùn sórí ibi tí wọ́n ti ń tú ọ́ìlì, wọ́n gé dúróòmù sí méjì nídùúró, wọ́n ń gbé e sábẹ́ mọ́tò. Ẹgbẹ́ ra dúróòmù onídèérí kan fún èyí tí kò ṣeé tà, kò sì sí ìgbà kankan tí òjò máa kàn án. Èyí tó bá dànù sílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́ọ̀míìlì ni wọ́n ń dà lé e, á fà á mu, wọ́n á gbá a sínú àpò. A wá da ìdènà sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ sẹ́nu ọgbà kí omi ibẹ̀ má bàa ṣàn jáde tààrà. Ẹni tó ń ṣájì bátìrì kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, ó ní omi lásán lòun ń dà, ìgbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì bá a sọ̀rọ̀ ló gbà, torí ilẹ̀ ọ̀gá ló ń lò.

Ohun tó kùnà náà wà, mi ò ní fi pamọ́. Èmi ni mo dá a lábàá pé ká fi nẹ́ẹ̀tì irin sẹ́nu gọ́tà kó máa dá ọ̀rá dúró. Wẹ́dà wẹ̀ ẹ́ dáadáa, ojú ẹ̀ kéré, mo ń fi yangàn. Òjò kejì, ọ̀rá àti ewé dí i pátápátá, omi kún, ó ya wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó ba aṣọ àwọn oníbàárà jẹ́. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa ń sọ, èmi gan-an ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ẹgbẹ́ san owó aṣọ, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní mítìn fún oṣù mẹ́ta. A tú u, a wá fi irin gbọọrọ ṣe òmíì tó ní àlàfo tó gba ọwọ́, a dẹ ẹ́ dùbúlẹ̀ díẹ̀, ọmọ kan ń kó ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ń fún un lówó. Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀.

Alága wa náà ní tiẹ̀. Ó ti pẹ́ tá a ti ń gbóòórùn kan tó bá ń rọ̀jò lóru, a ò mọ ibi tó ti ń wá, àṣé ṣe ló máa ń ṣí sọ́kàwéè ilé ẹ̀ sínú gọ́tà bí òjò bá ti le. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí torí òun ni alága. Ìyàwó ẹ̀ ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ní mítìn àwọn obìnrin, ó ní òun ò lè máa bá wọn sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó kí òun máa purọ́. Wọ́n pe mọ́tò agbégbẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní tiwa, a fi sìmẹ́ńtì dí ihò ara gọ́tà, a gbé ọrùn kànga sókè ní ríìnì méjì, a da sìmẹ́ńtì yí ìdí ẹ̀ ká kó dà jìnnà sí kànga, a ṣe ìdérí. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ ti fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí apá ìkẹyìn gọ́tà tó kù tó jẹ́ ilẹ̀ lásán, kó tó dé odò. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká fi í sílẹ̀, ká mú un fẹ̀, ká gbin koríko sí i, torí omi tó bá dé ibi koríko á rọra, iyanrìn àti ìdọ̀tí á jókòó, ilẹ̀ á mu díẹ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní ejò á wá. Ejò ò tíì wá, àwọn ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́, a tún un gbìn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá sì kó nínú gọ́tà báyìí, ọjọ́ yẹn náà ni bárò ń gbé e kúrò.

Kànga ò dáa lọ́jọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi pọ́ǹpù fa omi inú ẹ̀ dànù, inú dúróòmù la dà á sí, a ò dà á padà sí gọ́tà, àwọn kan ní kí ló dé tá a ń fìyà jẹ ara wa bẹ́ẹ̀. A fi aṣọ nu ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ ara ríìnì. Ó ṣì rùn díẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án. A ò mu ún títí dòní, a fi ń fọ aṣọ, a fi ń fọ ilé.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún 2024, mo tún jáde. Abọ́ funfun wà lọ́wọ́ mi, igi wà lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ àdúgbò ń tẹ̀ lé mi bí ẹni ń tẹ̀ lé eégún. Mo bu omi lẹ́nu ọgbà mẹkáníìkì, ó pọ́n, eruku wà nínú ẹ̀, kò kọ mànà. Mo bu ti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, bákan náà. Mo bu ti inú kànga, ọmọ kan ní "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n fi igi gún un," ó gún un, kò sí nǹkan kan lójú omi. Inú mi dùn, mo ní kí n kúkú dé etí odò lọ wò ó.

Ní etí odò, níbi tí gọ́tà tiwa àti gọ́tà àdúgbò kejì ti pàdé, apá tiwa pọ́n. Apá tiwọn dúdú bí omi aró. Àwọn méjèèjì ṣàn pọ̀, wọ́n kọrí sí Odò Ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá akọ̀wé tiwọn, mo gbé ìgò omi náà dání. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó mi orí, ó ní wọ́n ti mọ ẹni tó fà á, wọ́n tiẹ̀ ti ń kọ lẹ́tà sí i lọ́wọ́. Ilé epo ni.